Áàpù Ẹgbẹ́ Wa: Rírán Lẹ́ẹ̀kan Dára, Ṣùgbọ́n Ọwọ́ Ta Ni Pátánì Yóò Wà?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kò ṣàjèjì sí yín, nítorí òun ni yóò gba iwájú ní ìpàdé gbogbogbòò wa. Ọ̀rọ̀ áàpù ni. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yọ owó sílẹ̀ kí àwọn ọ̀mọ̀ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe áàpù kan fún wa, kí kálukú lè máa rí iye tó ti fi pamọ́ àti gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀ lórí fóònù, dípò kó máa ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Agbójú kó tó lè lọ wá akọ̀wé rí.

Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù tí a kò tíì ṣe é. Àwọn kan ní owó àjẹṣẹ́kù kì í ṣe owó àfiṣeré. Èmi ní tèmi, mo fara mọ́ ọn pé kí a ṣe é, ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tí a ń rà. Nínú ìwé tí wọ́n kọ sí wa, irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe áàpù náà ni wọ́n tẹnu mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí áàpù náà yóò jẹ́ tirẹ̀, wọn kò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irinṣẹ́ náà. Oríṣi fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ àwa tí a ń lo áàpù. Èyí tó pọ̀ jù ni Android, irú bíi Tecno, Infinix, itel àti Samsung. Èkejì ni iPhone, tó wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Áàpù tí a ṣe fún ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì yóò wá ẹni tó mọ èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Java tàbí Kotlin fún Android, yóò sì tún wá ẹni tó mọ Swift fún iPhone. Ó dà bí ìgbà tí a bá gbé aṣọ ẹgbẹ́ fún télọ̀ méjì, ọ̀kan ní Agbójú, ọ̀kan ní Mile 2. Owó ìránṣọ méjì ni. Bí a bá sì ní kí wọ́n gé apá rẹ̀ kúrú, ọ̀kan á gé e lónìí, èkejì á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, apá ọ̀kan á sì kúrú ju ti èkejì lọ.

Ohun tí àwọn ọmọ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí wá ń lò báyìí ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní framework. Pátánì kan ṣoṣo ni wọ́n á gé, irinṣẹ́ náà á sì bá wọn rán an fún fóònù méjèèjì. Méjì ló lókìkí jù nínú wọn. Ọ̀kan ni React Native, tí Facebook gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2015. Èkejì ni Flutter, tí Google ṣe, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ tó pé pérépéré jáde ní oṣù Kejìlá 2018. Ẹ má sì rò pé Flutter yìí ni Flutterwave tó ń bá oníṣòwò gba owó o. Orúkọ ló jọra, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Mo ti jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Festac, mo sì bi wọ́n léèrè bí ó ṣe rí lára wọn. Wọ́n yìn ín gan-an ni. Wọ́n ní bí àwọn bá yí nǹkan kan padà nínú kóòdù, kíá ni àwọn máa ń rí i lójú fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, láìtún áàpù náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe tí àwọn bá tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó ti tún ṣe fún Android àti iPhone nìyẹn. Iṣẹ́ tí ì bá gba ọwọ́ èèyàn mẹ́rin, èèyàn méjì lè ṣe é. Fún ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa, àǹfààní ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ni iná mànàmáná wa ń bá jà. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára á máa mí hẹlẹ bí ó bá ń kó áàpù jọ, bí iná bá sì lọ lágbedeméjì, iṣẹ́ di àtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti iPhone gbọ́dọ̀ rí kọ̀ǹpútà Mac lò, owó rẹ̀ kò sì kéré. Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan péré lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé áàpù sórí àtẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún. Áàpù tí a fi irú irinṣẹ́ yìí ṣe sábà máa ń tóbi ju èyí tí a ṣe fún fóònù kan ṣoṣo lọ, dátà wa ni yóò sì fi wọlé. Bí iṣẹ́ bá sì ti kan kámẹ́rà tàbí fífi ìka ọwọ́ ṣí áàpù, ó lè di dandan kí wọ́n tún padà lọ bá èdè fóònù kọ̀ọ̀kan. Pátánì kan náà ni, ṣùgbọ́n ihò bọ́tìnnì yàtọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun pàápàá kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Airbnb, tí ń bá èèyàn wá ilé àwọ̀sùn, bẹ̀rẹ̀ sí í lo React Native ní 2016, nígbà tó sì di 2018, wọ́n kéde pé àwọn ń fi í sílẹ̀. Shopify, tí ń bá oníṣòwò ṣí ìsọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde ní 2020 pé òun gan-an ni àwọn ń bọ́ sí. Irinṣẹ́ mìíràn wà tó ń jẹ́ Xamarin, tí Microsoft rà ní 2016. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2024, Microsoft ní àwọn kò tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí i pé irinṣẹ́ lè kú lójú ẹni? Ìdí nìyí tí n kò fi ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí Flutter tàbí React Native. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n lò dáadáa, kí wọ́n fi ṣe é. Ibòmíràn ni ìjà mi wà.

Ẹgbẹ́ kan wà tí ọ̀rẹ́ mi jẹ́ akápò rẹ̀. Wọ́n ṣe áàpù, ó dára, wọ́n sì jó. Ọmọ tó ṣe é fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ Google, kóòdù wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún ni Google ń béèrè pé kí áàpù bá Android tuntun mu. Èyí tí kò bá bá a mu mọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun kò ní rí i gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn. Áàpù wà, owó ti lọ, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Àgbà ní aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Àṣé wọ́n kàn yá aṣọ náà wọ̀ ni, wọ́n rò pé àwọn rà á.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a béèrè kí a tó dìbò.

Èkíní, kóòdù náà lódindi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí a sì fi orúkọ ẹgbẹ́ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ Google àti Apple. Kí akọ̀wé àti akápò jọ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Èkejì, kí a má san owó ìkẹyìn àfi tí wọ́n bá dán an wò lórí fóònù tiwa. Kí wọ́n gbé e wá sọ́jà lọ́sàn-án gangan, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, kí ìyá ẹlẹ́ja fi itel rẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta ṣí i. Bí kò bá ṣí lórí ti ìyá ẹlẹ́ja, a kò tíì ra nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, kí a ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ wo Festac Town tí a ń gbé. Pátánì ilé díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ ti 1977. Kíkọ́ rẹ̀ yá kánkán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà àti gọ́tà ibẹ̀ lọ́jọ́ òjò mọ̀ pé kíkọ́ kọ́ ni òpin iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, páàsìbúùkù kò gbọdọ̀ kú. Àwọn kan nínú wa ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì, tí áàpù kankan kò lè wọ̀. Owó tiwọn náà ni owó. Kí a máa kọ ọ́ sínú ìwé wọn, kí a sì máa fi SMS ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹnì kan lè ní, kí ló dé tí a kò ṣe ti Android nìkan, nígbà tó jẹ́ pé òun ló pọ̀? Ìbéèrè tó dára ni, owó rẹ̀ á sì dín kù. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹnì kan, ìbò kan ni. A kì í sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ pé nítorí irú fóònù tó rà, òun yóò máa wo ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílẹ̀ wa ní 1935, ìwé àkọsílẹ̀ ló gbé irú ẹgbẹ́ wa ró. Ọwọ́ akọ̀wé ni ìwé náà máa ń wà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ni ín. Kí áàpù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ má ránni o. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.