Ọjọ́ Orí Akọ Òkúta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé òkúta kò ju òkúta lọ. Bí wọ́n bá rí Òkè Ìdànrè, tí wọ́n sì rí àwọn òkè agbègbè Jọ́ọ̀sì, wọn a ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Èrò yìí kò tọ̀nà. Akọ òkúta, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gíránáìtì, ní ẹ̀gbọ́n, ó sì ní àbúrò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ kí ó tó bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ní ọdún 1911, J. D. Falconer, tí ó yẹ ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà wò, pín akọ òkúta ibẹ̀ sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó dàgbà àti èyí tí ó kéré. Ó mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye ọdún tí ó wà láàárín wọn.

Lónìí, ọ̀nà ti wà. Horo wíwẹ́wẹ́ kan ń bẹ nínú akọ òkúta, tí a ń pè ní síkọ́ọ̀nù. Nígbà tí horo yìí ń dì, a máa gba yuréníọ́mù mọ́ra, ṣùgbọ́n a máa kọ òjé. Lẹ́yìn èyí, yuréníọ́mù inú rẹ̀ a máa yí padà di òjé díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Ó dàbí ìkòkò òfìfo tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀: bí a bá mọ iye omi tí ń kán sí i ní wákàtí kan, tí a sì wọn omi inú rẹ̀, a ó mọ ìgbà tí a ti gbé e síbẹ̀.

Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé akọ òkúta Ìdànrè ti wà láti nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ ńlá méjì kọlu ara wọn, tí òkè gàgàrà sì yọ láti ibi tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wà títí dé Nàìjíríà. Òjò àti ọ̀gbàrá ti jẹ orí àwọn òkè náà. Ìdí wọn ni ó kù tí a ń wò. Àwọn àbúrò ti Jọ́ọ̀sì kò dé ayé títí di nǹkan bí mílíọ̀nù 215 sí mílíọ̀nù 140 ọdún sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Yàtọ̀ sí ọjọ́ orí, àwọn onímọ̀ a máa lọ òkúta kúnná, wọn a sì wọn èròjà inú rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú yanrìn a máa kó bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kéré jọjọ ni ẹlẹ́rìí tòótọ́. Àwọn ni wọ́n ń sọ bóyá òkúta àtijọ́ ni ó yọ́ tí ó di akọ òkúta náà, tàbí ohun tí ó ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún wá.

Àwọn kan yóò béèrè pé, ǹjẹ́ èyí ń fi oúnjẹ sínú ìkòkò? Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ara àwọn àbúrò ti Jọ́ọ̀sì ni kùsà tíìnì tí ó sọ ìlú náà di olókìkí ti wá. Kì í ṣe gbogbo akọ òkúta ni ó ní tíìnì; ẹni tí ó bá yẹ èròjà wọn wò kì yóò gbẹ́ ilẹ̀ lásán.

Òótọ́ ni pé a nílò òkúta fún ilé àti ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òkè tí a ti fi ẹ̀tù fọ́ kò tún lè jẹ́rìí mọ́. Apẹ̀rẹ̀ òkúta kan ṣoṣo tó fún àyẹ̀wò. Nítorí náà, ó yẹ kí ó di òfin pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí òkè kan, kí a tó sọ ọ́ di òkúta wẹ́wẹ́.