Iṣẹ́ abẹ ọkàn: Ọ̀bẹ nìkan kò lè gba aláìsàn là

Ní ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ la ọkàn ènìyàn fún iṣẹ́ abẹ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu ni wọ́n ti ṣe é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu sì wà lára àwọn dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà. Ó ti lé ní 50 ọdún báyìí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó lówó lọ́wọ́ ṣì ń gba ilẹ̀ Íńdíà lọ fún irú iṣẹ́ abẹ yìí, tálákà sì ń jókòó sílé de ikú.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò ní dókítà tó mọṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé bí wọ́n bá rán ojú ọgbẹ́ tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n sábà máa ń dá ọkàn dúró, ẹ̀rọ á máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara, oògùn ni wọ́n sì fi ń dáàbò bo ọkàn títí wọn yóò fi jí i padà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé aláìsàn lọ sí yàrá ìtọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, ọkàn lè máa lù ségesège, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà nídìí aláìsàn tọ̀sán-tòru, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ọ́síjìn kò gbọdọ̀ tán, iná kò sì gbọdọ̀ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Tọmọdé tàgbà ló mọ bí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ṣe rí nílẹ̀ yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ níbí náà ń kó lọ sí ìlú Òyìnbó. Ìjọba tó bá ra ẹ̀rọ olówó ńlá, tó pe àwọn oníròyìn wá ya fọ́tò rẹ̀, àmọ́ tí kò pèsè iná, ọ́síjìn àti owó oṣù tó jọjú, aṣọ ló rà fún ẹni tí ebi ń pa.

Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ yan ilé ìwòsàn ńlá mélòó kan, kí wọ́n pèsè gbogbo ohun tó yẹ síbẹ̀, kí iṣẹ́ abẹ ọkàn sì máa lọ níbẹ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Àṣetúnṣe ló ń mú kí ọwọ́ já fáfá. Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí ìjọba jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà, kó sì kárí iṣẹ́ abẹ ọkàn.

Kí àwọn òbí náà má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀nà ọ̀fun tó bá ń dun ọmọdé. Bí kòkòrò kan bá wà nídìí rẹ̀ tí wọn kò tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ọkàn jẹ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹ̀, bẹ́ẹ̀ pẹnisílínì tí kò wọ́n lè dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ ná, kò yẹ kí àìsí iná pa á lẹ́yìn tí dókítà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ yanjú.