Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Fóònù oníbàárà kò dọ́gba

Fóònù wo ló wà lọ́wọ́ oníbàárà? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ọlọ́ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ring Road, n'Ìbàdàn, kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyẹn kó tó polówó ọjà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra Tecno tàbí itel, síìmù méjì àti bátìrì tó ń pẹ́ ni wọ́n ń wá, nítorí iná ọba kò ṣeé fọkàn tẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sì lè lọ kí èkejì wà. Dátà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ẹni tó ní iPhone, fọ́tò àti fídíò ló sábà máa ń fi ṣe yangàn. Ṣùgbọ́n aṣìṣe ńlá ni kí ọlọ́jà rò pé oní-iPhone nìkan ló lówó. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ iPhone tó wà nígboro, ẹni tó fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ńtì sì lè jẹ́ itel kékeré ló máa fi pe ọlọ́jà.

Ọ̀rọ̀ BlackBerry tó àríkọ́gbọ́n. Nígbà tí ayé ń fẹ́ ẹ, PIN rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń kọ sára káàdì wọn. Àwọn tó ní in a máa san owó oṣù, wọn a sì jókòó ti BBM láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí kò ní in kò lè bá wọn dá sí i, àfi ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ṣí BBM fún iPhone àti Android lóṣù kẹwàá, ọdún 2013. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. WhatsApp, tó ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi fóònù, ti ń kó èrò lọ. Lọ́jọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2019, wọ́n ti BBM tí ará ìlú ń lò pa. Ọlọ́jà tó jẹ́ pé inú BBM nìkan ló kó oníbàárà rẹ̀ sí, tí kò kọ nọ́ńbà wọn síbòmíràn, ibo ni yóò ti wá wọn?

Nítorí náà, nọ́ńbà tó ṣeé pè ni kó ṣáájú lára pátákó, kí WhatsApp tẹ̀ lé e. Kí fídíò ọjà má gùn, kí fọ́tò àti iye owó sì bá a rìn, torí ẹni tí dátà rẹ̀ kéré. Ẹni tó ní síìmù méjì, kí ọlọ́jà gba nọ́ńbà méjèèjì, kó sì kọ wọ́n sínú ìwé. Fóònù a máa kú, a máa sọnù, ayé a sì máa pa á tì. Oníbàárà ni kò gbọdọ̀ bá a lọ.