Ẹ má bọ́ àmì lára ọ̀rọ̀ wa nítorí kọ̀ǹpútà

Láti Titirou níbí ní Parakou la ti ń kọ̀wé yìí, inú wa kò sì dùn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi JavaScript ṣe ìwé atúmọ̀ èdè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irinṣẹ́ kékeré kan. Yóò wọ inú fódà, èyí tí àwa ń pè ní dossier, yóò ka gbogbo fáìlì ibẹ̀, yóò kó wọn sínú object kan ṣoṣo. Orúkọ fáìlì la ó fi máa pe ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò ju ìlà bíi mẹ́wàá lọ. Ó dáa, a ò bá a jà.

Ìlà kan tí wọ́n fi kún un ló ń bí wa nínú: èyí tó ń bọ́ àmì kúrò lára orúkọ. Owó, ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀: fáìlì mẹ́rin, gbogbo wọn di "owo". Object kì í tọ́jú orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó kà kẹ́yìn ló ń pa ìyókù rẹ́, kò sì ní pariwo. Ọmọ á wá ọ̀wọ̀, á bá ìgbálẹ̀!

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò fẹ́ àmì. Irọ́ ni. Àwa tí a fi Faransé kàwé, ta ló jẹ́ sọ fún wa pé péché àti pêche jẹ́ ọ̀kan náà? Ṣé ẹja pípa ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Òótọ́ ni pé nígbà míì, ẹ̀rọ máa ń ní òun kò rí "ọwọ́". Ìdí ni pé "ọ́" kan tí ojú ń rí, oríṣiríṣi ọ̀nà la lè gbà tẹ̀ ẹ́, bí àpẹẹrẹ: o, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè, ọ, kí àmì òkè tẹ̀lé e, tàbí ó, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e. Lójú JavaScript, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Oògùn rẹ̀ ni normalize('NFC'), ó ti wà nínú èdè náà láti 2015. Ẹ lò ó fún orúkọ fáìlì, ẹ lò ó fún ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀. Ó tán.

Ohun kan ṣẹ́kù tí NFC kò lè bá wa ṣe: kò ní sọ ɔ ti Bẹ̀nẹ̀ di ọ ti Nàìjíríà. Ìyẹn, àwa fúnra wa la ó fẹnu kò lé e lórí. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ dá àmì wa padà. Ọ̀lẹ ló ń bọ́ àmì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.