ṢÉ Ọ̀RUN NI TÍṢÀ ÌṢIRÒ YÓÒ TI LỌ GBA OWÓ OṢÙ RẸ̀?

 

Nígbàkígbà tí àwọn tó wà lórí oyè bá gun pèpéle, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé ẹ̀kọ́ ló jẹ àwọn lógún jù. Wọn a ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun. Wọn a kun ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé lọ́dà, wọn a sì kọ orúkọ ara wọn sí i gàdàgbà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ yín ní ìṣirò ni kí ẹ bá wa wò. Ẹ tẹ̀ lé e láti àárọ̀ títí dalẹ́ ní ọjọ́ kan péré, ẹ ó mọ̀ bóyá ìjọba yìí fẹ́ràn ẹ̀kọ́, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

ỌJỌ́ KAN LẸ́NU IṢẸ́

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo mọ̀ dáadáa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀, nítorí ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Tíṣà tó bá la ẹnu sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí lẹ́tà yóò fi dé pé kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ibi tí mọ́tò kì í dé. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Tíṣà, ó tó.

Agogo márùn-ún ìdájí ni Tíṣà ń jí. Yóò gun ọ̀kadà dé ìkóríta, yóò wọ mọ́tò, yóò tún fẹsẹ̀ rìn wọ inú ọgbà ilé-ìwé. Kí agogo mẹ́jọ tó lù, ó ti dúró níwájú pátákó. Ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó àpò rẹ̀ ló fi rà á. Kọ́ńpáàsì onígi tí wọ́n fi ń ya òbìrìkìtì sára pátákó ti kán tipẹ́, kò sẹ́ni tó rà òmíràn. Okùn ni Tíṣà ń so mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní àárín, ó ń fi ọwọ́ kejì yí i po. Àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òbìrìkìtì náà á pé.

Tíṣà ìṣirò mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan fẹ̀yìntì, wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan rí iṣẹ́ sí báńkì, ó bá tirẹ̀ lọ, a ò sì lè bá a wí. Ó wá ku Tíṣà nìkan, àti àgùnbánirọ̀ kan tí yóò kọ́ni fún ìwọ̀nba oṣù, tí yóò sì lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ àwọn ọmọ.

Kíláàsì mẹ́rin ló kan Tíṣà. Ọmọ ọgọ́ta ló wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta-mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì tí káfíńtà kàn fún ẹni méjì. Ẹni tí kò bá rí tábìlì, orí itan ni yóò gbé ìwé lé.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kíláàsì 4, ọmọ 60 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 240 ọmọ nìyẹn. Bí Tíṣà bá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ìwé 240 ni yóò yẹ̀ wò. Ìṣirò kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ojú fò lásán. Tíṣà ní láti rí ibi gan-an tí ọmọ ti ṣìnà, kó sì fi hàn án. Bí ìwé kan bá gba ìṣẹ́jú 3 péré, ìṣẹ́jú 720 ni gbogbo rẹ̀, wákàtí 12 gbáko! Lẹ́yìn iṣẹ́ ni yóò ti rí wákàtí méjìlá yìí o, lálẹ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nígbà tí iná kò bá sí.

Tó bá wá fún wọn níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó di wákàtí 36. Ta ló lè ṣe é? Nítorí náà, ohun tí Tíṣà ń ṣe ni pé ó ń mú ìwé ogún ọmọ yẹ̀ wò dáadáa, ó ń fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ojú sì ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, "Sà, kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kójú ó tì."

Ó ní, "Ìwọ ò tíì mọ̀. Àwọn ọmọ tí n kò yẹ ìwé wọn wò, èmi náà mọ̀ wọ́n lórúkọ."

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó rẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 30,000 náírà. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n sọ ọ́ di 70,000. Kò tó ìlọ́po méjì àbọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọjọ́ náà tó pé, lítà epo kan kò tó 200 náírà lówó ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti ju 900 lọ. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama lè sọ fún yín èyí tó sáré jù nínú méjèèjì.

Lóòótọ́, owó Tíṣà ju 70,000 lọ, nítorí ó kàwé gba dìgírì, ipele kẹjọ ni wọ́n sì ń gba onídìgírì sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà àti mọ́tò bá gba 1,500 náírà lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, 33,000 ti lọ. Kó tó jẹun, kó tó sanwó ilé, kó tó ra ṣọ́ọ̀kì ìjọba, owó tó ju gbogbo owó oṣù ẹni tó kéré jù ní 2019 lọ ti há sọ́wọ́ ọlọ́kadà àti awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi ń lọ kọ́ ọmọ olówó ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń roko ní Sátidé. Ìdí nìyẹn tí gbèsè àjẹsẹ́kù kò fi kúrò lọ́rùn rẹ̀.

WỌ́N NÍ TÍṢÀ LÓ Ń ṢỌ̀LẸ

Bí ọmọ bá wá fìdí rẹmi, ta ni wọ́n ń nàka sí? Tíṣà ni. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2025. Èsì ìdánwò WAEC jáde, wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 38 àti díẹ̀ péré ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo ta káàkiri. Àwọn kan ní tíṣà kò kọ́ni mọ́, àwọn kan ní ọmọ kò kàwé mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí WAEC fúnra rẹ̀ fi sọ pé àṣìṣe wà nínú bí àwọn ṣe máàkì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó kúrò ní 38.32, ó di 62.96 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó bú tíṣà dà? A ò rí ọ̀kan nínú wọn kó padà wá tọrọ àforíjì.

A kò sọ pé gbogbo tíṣà ni ẹni rere. Àwọn kan wà tó ń sá wá síṣẹ́ bí àlejò, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè gbé ẹrù ènìyàn mẹ́ta lé ẹnì kan lórí, kí ẹ wá máa bú u pé ọrùn rẹ̀ wọ́.

Ẹ tún wo èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 yìí kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ tó bá fẹ́ lọ ka àwọn ẹ̀kọ́ bí èdè àti ìtàn ní yunifásítì kò nílò kírẹ́díìtì ìṣirò mọ́. Wọ́n ní kó ṣì máa jókòó ìdánwò náà. A kò bá ọmọ tó fẹ́ ka Yorùbá jà, kó wọlé, kó ṣoríire. Ṣùgbọ́n a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Nígbà tí afárá bá wó, ọlọgbọ́n a tún afárá kọ́, kì í sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n má sọdá mọ́.

Nítorí pé ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ṣì nílò ìṣirò. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣirò owó, wọ́n nílò rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìwé mẹ́wàá ni mo ní, ọwọ́ Tíṣà yìí ni mo sì ti gba kírẹ́díìtì ìṣirò. Àbúrò mi obìnrin kò rí irú rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni kò sí tíṣà ìṣirò ní ilé-ìwé tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ó jókòó ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè 50 nínú wákàtí kan àbọ̀, àti ìbéèrè 10 nínú wákàtí méjì àbọ̀, lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí. Aṣọ ló ń rán báyìí. Iṣẹ́ gidi ni aṣọ rírán, mi ò kẹ́gàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé orí ọmọ wa kò gba ìṣirò. Ìyá wa tí kò mọ̀wé rárá, lọ́jà, ó mọ̀ pé àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni márùndínláàádọ́ta. Èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ gan-an, ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ọmọ wa kì í ṣe olódo. Olùkọ́ ni wọn kò fún un.

ÌLÉRÍ ORÍ BÉBÀ

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọjọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé, ìjọba àpapọ̀ ìgbà náà ṣèlérí owó oṣù ọ̀tọ̀ fún tíṣà, àti àjẹmọ́nú fún àwọn tó ń kọ́ni ní ìgbèríko àti àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n tún ní tíṣà yóò máa ṣiṣẹ́ di ẹni ọdún 65 dípò 60. Ní ọdún 2022, ti ọjọ́ orí di òfin. Ẹ wá bá mi bi tíṣà abúlé yín léèrè: èwo nínú ìlérí náà ló dé ọwọ́ rẹ̀? Ọdún tí wọ́n fi kún iṣẹ́ ni àbí owó tí wọ́n ní àwọn yóò fi kún owó?

A sì rántí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti 2015 títí wọ 2018, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ipele òkè ń gba ìdajì owó oṣù, tíṣà sì wà lára wọn. Ìdajì owó, odidi iṣẹ́. Tíṣà ìṣirò wo ni yóò rí ìdáhùn sí ìyẹn?

Bí a bá sọ̀rọ̀, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Ẹ gbọ́ o! Ṣé ọ̀run náà ni èrè gómìnà wà? Ṣé ọ̀run ni èrè kómíṣọ́nnà wà? Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi pẹpẹ, ibi pẹpẹ ni yóò ti jẹun. Ọlọ́run yóò san ti Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ di àpò ìlú mú, ẹ san tiyín.

OHUN TÍ A DÚRÓ LÉ

Bàbá wa Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọ náà. Wọ́n mọ̀ pé ilé-ìwé tí kò ní tíṣà, abà ni. Ìmọ̀ yìí kò sọnù. Ìfẹ́ ìlú ló sọnù.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tan yín pé gbogbo rẹ̀ yóò dára lọ́jọ́ kan. Ohun tí a ń sọ kò ju mẹ́ta lọ. Tíṣà ìṣirò tó bá fẹ̀yìntì tàbí tó lọ, kí táàmù kan tó kọjá, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ti dé ipò rẹ̀. Tíṣà tó bá gbà láti lọ sí ìgbèríko, àjẹmọ́nú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú owó oṣù, kó má jẹ́ ìlérí. Iye tíṣà tó wà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan àti iye tó yẹ kó wà, kí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù, kí olúkúlùkù òbí lè kà á. Bí a bá dé ibẹ̀ tí a kò ṣe é, ẹ lé àwa náà lọ.

Wọ́n ń bọ̀ wá bá yín pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́. Kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tíṣà ìṣirò mélòó ló wà ní girama ìlú yìí? Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, wọn kò mọ ọmọ yín. Ìrẹsì yóò tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún mẹ́rin ni ìjọba. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ jáde lọ́jọ́ ìbò. Ẹ tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ wa. Ẹ dúró ti ìbò yín títí wọn yóò fi kà á tán lójú yín, nítorí ìṣirò ni ìbò náà, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa ṣì í kà.

Olùṣètò ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù