Ó Yẹ Kí Tọkọtaya Tí Ó Fẹ́ Pínyà Kọ́kọ́ Gba Ìmọ̀ràn Agbẹjọ́rò Lórí Owó àti Dúkìá

Kò sí ẹni tí ó ń gbéyàwó pẹ̀lú èrò pé ilé òun yóò tú. Síbẹ̀, ayé kì í fi gbogbo ìgbà rí bí a ti fẹ́. Bí tọkọtaya bá ti pinnu láti pínyà, èrò tèmi ni pé kí olúkúlùkù wọn kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ lórí owó àti dúkìá, kí ó tó kó ẹrù jáde tàbí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ẹ jẹ́ kí a fi Àgbóyì ṣe àpẹẹrẹ, ìlú etí omi tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé láti apá Kétu ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ká ní ọkọ kan jẹ́ apẹja níbẹ̀, tí aya rẹ̀ ń yan ẹja tà. Owó àjọ tí aya kó ni wọ́n fi kún ti ọkọ, tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà lára rìsíìtì. Bí ìjà bá dé, kí ni aya yóò fi hàn? Ní 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, obìnrin kan tí ó ní òun bá ọkọ òun kọ́ ilé pàdánù ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, nítorí pé kò lè ṣàlàyé irú ohun tí òun dá sí i àti iye rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni yóò tètè kìlọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó tọ́jú rìsíìtì, ìwé báńkì àti káàdì àjọ.

Ẹ̀wẹ̀, irú ìgbéyàwó tí a ṣe ṣe pàtàkì. Òfin ìgbéyàwó ti 1970 fún ilé-ẹjọ́ gíga lágbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú àti láti pín dúkìá bí ó ti tọ́, ṣùgbọ́n kò kan ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tàbí ti Mùsùlùmí. Kóòtù ìbílẹ̀ ni ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀nà gbà, ìdájọ́ rẹ̀ lè di asán. Ti ọmọ yàtọ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2007, fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ òbí rẹ̀.

Ọkọ pẹ̀lú nílò ìmọ̀ràn. Bí òun àti aya rẹ̀ bá jọ fọwọ́ sí gbèsè, ìpínyà kò pa gbèsè náà rẹ́.

Àwọn kan a máa wí pé agbẹjọ́rò ní ń tú ilé ká, pé ẹbí tó láti parí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà mọ ìjà parí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kì í ṣe ẹjọ́. Ẹni tí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó lè jókòó níwájú ẹbí, kí ó sì gba àdéhùn tí kò ní kábàámọ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn kò lówó agbẹjọ́rò. Ọ́fíìsì OPD ti Ìpínlẹ̀ Èkó àti FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin, ń ran aláìní lọ́wọ́ láìgba owó.

Ní ìparí, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí ilé bá fẹ́ tú, ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá a lọ. Kí ẹ tó kó ẹrù, ẹ kó ìwé yín jọ, kí ẹ sì wá agbẹjọ́rò lọ.