Orúkọ Tí A Bá Gbẹ́ Sára Igi, Kí A Gbẹ́ Ẹ Pé

Láàrin gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi ṣe ẹnu ọ̀nà ilé tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, n kò mọ èyí tí ó wuyì tó pátákó ìrókò tàbí ti àpá tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ orúkọ sí, tí ó fi sáńpépà ha títí ojú igi fi ń dán, tí ó kun inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà dúdú tàbí ọ̀dà aláwọ̀ wúrà, tí ó sì fi fáníìṣì bò ó kí òjò àti oòrùn má baà tètè rí i gbé ṣe. Bánnà onírọ́bà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti gba ìgboro kan, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀, nítorí ẹni tí ń ṣe ìsìnkú lọ́jọ́ Ẹtì kò lè dúró de ìgbà tí igi yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́lé tí ó ń retí pé kí ọmọ-ọmọ òun jogún rẹ̀, tàbí agbẹjọ́rò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ́fíìsì, tàbí ìjọ tí ó parí ilé àdúrà rẹ̀, ọ̀dọ̀ agbẹ́gi ni ó yẹ kí ó gbà lọ, inú mi a sì máa dùn nígbà tí mo bá rí èyí tí ó gba ibẹ̀ lọ. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn pátákó olówó iyebíye bẹ́ẹ̀, igi pé, ọ̀dà pé, ọwọ́ oníṣẹ́ mọ́, orúkọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ nìkan ni kò pé: ẹ kò ní àmì lábẹ́, ọ kò ní, ṣ ti di s tàbí sh, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì ti di àwátì.

Kí òǹkàwé tí kò bá dé ibi iṣẹ́ náà rí lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ń lọ. Oníṣẹ́ a ra pákó rẹ̀ ní Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí ní ọjà pákó mìíràn, a sì tò ó jọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin pákó kan sí èkejì, nítorí pákó tútù tí a bá gbẹ́ orúkọ sí lónìí yóò lọ́ kí oṣù mélòó kan tó yí po, òmíràn yóò sì ya. Àwọn àgbà iṣẹ́ a máa ka nǹkan bí ọdún kan fún ínṣì kan tí pákó bá nípọn tó. Bí igi bá gbẹ tán, oníṣẹ́ a kọ orúkọ náà sórí pépà bí yóò ti rí gan-an, a fi pépà kábọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ sójú igi, a dè é mọ́ tábìlì gírígírí, kí ó tó gbé ràútà, ẹ̀rọ oníná tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí irin ẹnu rẹ̀ lè yí ju ìgbà 20,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Irin yìí kì í mọ ojú ọ̀gá yàtọ̀ sí ti ọmọ iṣẹ́. Ọ̀nà iṣan igi ni ó ń fẹ́ tẹ̀ lé ju ọ̀nà lẹ́tà lọ, nítorí náà I àti L kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ oníṣẹ́ lẹ́nu, àfi àwọn bí o, a, e àti g tí wọ́n ń yí kọ́lọkọ̀lọ, torí níbi tí ìlà bá ti dábùú iṣan igi ni igi ti máa ń fẹ́ ya, bẹ́ẹ̀ ni igi tóńtó tí ó ṣẹ́kù sí àárín o, bí a bá gbẹ́ àyíká rẹ̀ jìn jù, a ṣí kúrò lójijì, iṣẹ́ a sì di àtúnṣe. Ìrókò tilẹ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: òkúta a máa wà nínú rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, bí ẹnu ràútà bá sì kọlù ú, ó kú nìyẹn, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa ta ènìyàn ní imú àti ní ara, kò sì sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí kì í fi aṣọ bomú kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá sá fún gbogbo ìyọnu wọ̀nyí, tí ó lọ mú arère nítorí pé ó rọ̀ tí ó sì fúyẹ́, kí ó má gbé e síta, nítorí arère kò lè gba òjò sára pẹ́ kí ó tó jẹrà.

Mo ti dúró ti ọ̀gá kan nígbà tí ó ń gbẹ́ orúkọ ilé kan báyìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi rí ohun tí mo rí. Nígbà tí ó gbẹ́ àwọn lẹ́tà tán, ó pa ẹ̀rọ, ó fi ẹnu fẹ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò lójú igi, ó fi irin tí ó kéré sí ti àkọ́kọ́ sẹ́nu ràútà, ó wá gbé e dúró sórí àmì abẹ́ ọ. Ó ti irin náà wọlé ṣánṣán, ó sì fà á yọ láì yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ihò kan ṣoṣo dúró síbẹ̀ róbótó. Nígbà tí ó kan ohùn òkè, kò tilẹ̀ lo iná mọ́. Irin ìgbẹ́gi ẹlẹ́nu mímú àti òòlù ni ó mú, ó gé e lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀tún wá, ó gé e lẹ́ẹ̀kan láti òsì, ẹ̀rún igi kan fò sókè, àmì sì ti jókòó sórí lẹ́tà rẹ̀. Iṣẹ́ àmì kan kò gba àkókò tó ti lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ní àmì méje tàbí mẹ́jọ, àkókò a pọ̀, ewu a sì pọ̀, nítorí àṣìgbẹ́ kan lórí àmì ìkẹyìn lè ba pákó tí a ti ń ṣe láti àárọ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ fi ń gba owó lé e, ìdí náà sì nìyí tí oníbàárà fi máa ń wí pé, “Ọ̀gá, ẹ yọ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn kúrò, kí owó lè wálẹ̀, ṣebí gbogbo ènìyàn ló mọ orúkọ wa.” Ọ̀gá a sì dáhùn pé, “Bí ẹ bá ti wí náà ni, sà. Ẹ̀yin lẹ lówó yín.”

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà parí iṣẹ́ tirẹ̀, ó wá ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Èmi tí mo jẹ́ gbẹ́nugbẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí, gbólóhùn méjèèjì ni mo fẹ́ tako, ti ẹni tí ó béèrè àti ti ẹni tí ó gbà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ń ta iyùn àti sẹ̀gi, tí ó sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ilé Ọ̀ṣọ́, orúkọ tí ó bá ọjà rẹ̀ mu rẹ́gí. Bí agbẹ́gi bá gbẹ́ ILE OSO síbẹ̀, àwọn aládùúgbò yóò kà á bí ó ti yẹ nítorí pé wọ́n ti mọ ìyá náà kí pátákó tó dé. Ṣùgbọ́n àjèjì tí a tìtorí rẹ̀ gbé pátákó kọ́ lè kà á ní Ilé Oṣó, ta ni yóò sì wọ ilé oṣó lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó? Àmì mẹ́fà péré tí a kò gbẹ́ ni ó sọ orúkọ rere di èyí tí kò dára yìí. Pátákó ìrókò tí a tọ́jú dáadáa, tí a ń fi fáníìṣì kùn lóòrèkóòrè, lè rí ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí a gbé e kọ́ kí ó dàgbà, kí ó gbéyàwó. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ tí ń kọ́ ìwé kíkà yóò máa gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ohun tí ó bá sì kà lórí igi lójoojúmọ́ yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ ju ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó dúdú tí a óò nù kúrò lọ́sàn-án.

Àwíjàre kan wà, pé ohun èlò kò gbà á, tí mo gbà fún àwọn mìíràn tí n kò lè gbà fún agbẹ́gi. Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1875 àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pé jọ ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè yìí. Ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó ní 1966, nígbà tí ó sì di 1974 ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ di òní. Ní gbogbo àkókò yẹn, ohun èlò ni ó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn: táíprítà tí ó ti òkè òkun wá kò ní ẹ tí ó ní àmì lábẹ́; àwọn tí ń to lẹ́tà ìwé ìròyìn kò ní òjé rẹ̀ tó; kọ̀ǹpútà dé, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn, nítorí pé àwọn lẹ́tà aláràbarà tí oníbàárà ń fẹ́ kì í sábà ní ọ tí ó gba àmì lábẹ́ tí ó tún gba ohùn lórí. Bí ẹni tí ń tẹ bánnà bá sọ fún mi pé ẹ̀rọ òun kò ní i, mo gbọ́, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ní bọ́tìnì tí ó lè sọnù. Ohun tí lẹ́ẹ̀dì bá ti lè fà sórí pépà ni ọwọ́ agbẹ́gi lè gbẹ́ wọ inú igi, ì báà jẹ́ àmì kan, ì báà jẹ́ ogún. Nínú gbogbo àwọn tí ń kọ orúkọ Yorùbá gba owó, òun nìkan ni kò ní ẹ̀rọ tí yóò dá lẹ́bi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí orúkọ wa ti kọ́kọ́ pé, ó sì dùn mí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó tún ti ń dín.

Àwọn kan ti ra ẹ̀rọ ńlá tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ń gbẹ́ igi fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni ín jókòó. N kò bá wọn jà. Bí ilé ìtura bá fẹ́ nọ́ńbà ọgọ́rùn-ún yàrá tí ó jọra bákan náà, kí ẹ̀rọ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí agbẹ́gi bá yọ àmì kúrò, kí ni ó kù tí ọwọ́ rẹ̀ fi ju ẹ̀rọ lọ?

Iṣẹ́ tí àwọn agbẹ́gi jogún kì í sì í ṣe iṣẹ́ àṣepatì. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí ó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ibùgbé, tí ó papò dà ní nǹkan bí 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tí àwọn òyìnbó rí tí wọn kò fẹ́ kí ó padà mọ́, títí Ògògà fi gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Inú British Museum ni ilẹ̀kùn náà wà. Kì í ṣe ère ọba àti ti òyìnbó tí ó yọ síta lára ilẹ̀kùn náà nìkan ni ó gbàfiyèsí, nítorí ẹ̀yìn àwọn ère gan-an, níbi tí òṣìṣẹ́ mìíràn ìbá fi sílẹ̀ lásán, Ọlọ́wẹ̀ fín ọnà wẹ́wẹ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí ó gbẹ́ ère Odùduwà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ àwọn tí ń fi ọ̀bẹ bu ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère tí gbogbo ojú rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ kò gbọdọ̀ sọ fún wa pé àmì orí ọ ti kéré jù fún irin òun.

Àwọn mìíràn ń sọ pé àmì a máa mú kí pátákó há, kí ojú má lè kà á láti ojú pópó. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí oníṣẹ́ lẹ pépà rẹ̀ mọ́ ògiri, kí ó sọdá sí òdì kejì títì, kí ó kà á níbẹ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ. Kí ó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ, kí ó fi lẹ́tà kékeré parí rẹ̀, dípò kí ó to lẹ́tà ńlá ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí àmì kò ní rí ibi dúró sí; kí ó ra pákó tí ó fẹ̀ díẹ̀ sí i; kí ó jẹ́ kí àmì nípọn tó ẹsẹ̀ lẹ́tà. Níbi tí àmì bá ti ń fún ara wọn lọ́rùn, àyè ni kò tó.

Ó ku èyí tí ó le jù, tí kò sì sẹ́ni tí ó fẹ́ sọ ọ́ jáde: òmíràn nínú àwọn oníṣẹ́, àti òmíràn nínú àwọn oníbàárà tí ó kàwé jù wọ́n lọ, kò mọ ibi tí àmì orúkọ náà ń jókòó sí. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti nà ní ilé ìwé rí nítorí pé a sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú wa ni ó ní olùkọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tí ó lè fi àmì sí orúkọ ìdílé kan kí ẹ tó mu omi tán, owó díẹ̀ tí a bá sì fún un kò tó ìdá kékeré nínú iye tí a ó fi ra pákó.

Mo bẹ ẹ̀yin ọba wa pé kí ẹ jẹ́ kí pátákó ẹnu ọ̀nà ààfin ṣíwájú, kí orúkọ oyè àti ti ìlú wà níbẹ̀ ní pípé, kí àwọn ará ìlú rí i kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ náà sórí pépà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi lé agbẹ́gi lọ́wọ́, ẹ sì san owó àmì láì dúnàá-dúrà. Ẹ̀yin agbẹ́gi, ẹ máa ka owó àmì mọ́ owó lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má yà á sọ́tọ̀ bí ohun tí a lè yọ kúrò. Bí oníbàárà bá sì ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò ní pé, kí ẹ tó gba iṣẹ́ náà.